Ìka Tí A Kò Gé

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lè bi mí pé kí ni mo ń wá nínú ìwé òyìnbó, nígbà tí ìwé Yorùbá tí a ní kí a kà ṣì kún orí tábìlì mi. Ìwé tí Chris Cleave, ará Lọ́ńdọ̀nù, kọ ní 2008 ni. The Other Hand ni wọ́n pè é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Little Bee ni ó di nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà ní 2009. Ọmọ ilẹ̀ wa ni ó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni mo fi kà á.

Ọmọbìnrin Ìgbò ni. Epo rọ̀bì wà lábẹ́ abúlé wọn, nítorí èyí ni a fi run abúlé náà, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Nkiruka fi sá dé etí òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n bá Andrew àti Sarah, tọkọtaya òyìnbó tí wọ́n wá gbafẹ́ kí ilé wọn má bàa tú, nítorí Sarah ti ní àlè. Olórí àwọn apànìyàn ní kí Andrew gé ìka rẹ̀ kan, kí òun lè dá àwọn ọmọ náà sí. Ọwọ́ Andrew kọ̀. Sarah gba àdá, ó gé tirẹ̀. Ọ̀kan yè, ọ̀kan kú.

Èyí tí ó yè fara pamọ́ sínú ọkọ̀ òkun dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọdún méjì ní Essex. Ìwé ìròyìn ni ó fi kọ́ èdè níbẹ̀, irú èyí tí Ọbabìnrin ń sọ nígbà náà. Àwa ń kọ́ èdè nítorí ìdánwò; òun kọ́ ọ kí ó lè wà láàyè. Nígbà tí ó jáde, ó fi tẹlifóònù sọ fún Andrew pé òun ń bọ̀. Andrew pokùnso. Ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ gan-an ni ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà wọn. Charlie, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò jẹ́ bọ́ aṣọ Batman lọ́rùn, kódà létí isà òkú bàbá rẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò gbà: nínú gbogbo ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù, òṣìṣẹ́ Home Office ni àlè Sarah! Ọwọ́ òǹkọ̀wé hàn jù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Andrew ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ènìyàn búburú kọ́. Ẹni tí ó bá pè é ní ojo, kí ó gbé àdá lé ìka tirẹ̀ wò ná. Ìka tí Sarah gé ti jinná. Èyí tí Andrew kò gé ni kò jinná.

Nígbẹ̀yìn, wọ́n dá ọmọbìnrin náà padà sí Nàìjíríà, Sarah àti Charlie sì bá a wá. Etí òkun ni ó ti sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún Charlie: Udo, èyí tí í ṣe àlàáfíà lédè Ìgbò. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìgbò ní kí n ṣọ́ra bí mo bá ń kọ ọ́: bí a bá fi àmì sí ìsàlẹ̀ fáwẹ̀lì méjèèjì, ụdọ ni yóò dà, okùn sì ni ìyẹn.