Ọmọ Sùn, Ìyá Kò Sùn

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí ó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ọ̀rọ̀ náà bá ọmọ alágídí tí ó ti gbọ́njú mu, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé ìdí ìkókó, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìkókó tí kò ì tí ì pé oṣù 3 a máa sùn tó wákàtí 14 sí 17 láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tí ó ń sùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni kò fojú kan oorun, nítorí pé ọmọ náà kì í sun tirẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń bù ú sùn díẹ̀díẹ̀, ó ń fọ́n ọn ká tọ̀sán-tòru bí ìgbà tí ènìyàn bá fọ́n àgbàdo fún adìẹ, kò sì sí ìyá tí ó lè máa ṣà á tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ oorun yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Lára iṣẹ́ tí mo máa ń fún wọn ni pé kí wọn kọ ètò ọjọ́ kan sílẹ̀ fún obìnrin tí ó ní ọmọ ọwọ́. Wọn a kọ ti oúnjẹ, wọn a kọ ti aṣọ fífọ̀, ti ọjà, ti ìwẹ̀ ọmọ, ti àlejò. Wákàtí tí ó bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìwé ni wọn a fi sí oorun. Mo ti rí èyí tí ó ṣẹ́ ku wákàtí 3. Mo wá bi ọmọbìnrin tí ó kọ ọ́ pé, bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a ti ra aṣọ ẹbí tán ni a ń pè ní owó oúnjẹ, kí ni ilé náà yóò jẹ? Ó rẹ́rìn-ín. Ó kéré tán, àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 láàárín wákàtí 24, bíbímọ kò sì dín in kù. Oorun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ sórí ìwé, kí a tó wá wo ibi tí aṣọ fífọ̀ yóò wọ̀ sí.

Ìyá ọkọ mi kò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ètò yìí ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, tí wọ́n wá bá wa gbé, bí mo bá ti fún ọmọ lọ́mú tán ní ìdájí, wọn a gbà á lọ́wọ́ mi, wọn a ní kí n lọ dùbúlẹ̀, wọn a sì gbé àga sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá wá kí wa kú ewu ọmọ, wọn a fún un ní omi tútù, wọn a ní, “Ìyá ọmọ ń sùn o. Ẹ padà wá lọ́la.” Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan bínú lọ lọ́jọ́ kan. Ìyá kò wí nǹkan kan. Wọ́n tún àga wọn gbé sí ojú kan náà.

Púpọ̀ nínú wa tí ó ń gbé ìlú ńlá lónìí kò rí irú ìyá bẹ́ẹ̀ mú sílé ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Àwọn ìyá wa náà ń ṣiṣẹ́, yàrá kò sì tó. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ọkọ ni ó kàn. Ohun tí èmi àti baálé mi ṣe nígbà tí a bí èkejì nìyí: bí mo bá ti fún ọmọ lọ́mú ní agogo 8 alẹ́, mo ti lọ sùn nìyẹn, abọ́ ìbáà kún ilẹ̀. Baálé mi a gbé ọmọ títí di agogo 12 tàbí 1 òru. Bí ebi bá pa á kí n tó jí, omi ọyàn tí mo ti fún sílẹ̀ ni wọn a fi bọ́ ọ. Wákàtí 4 tí mo sùn pọ̀ láìjí yẹn ni mo fi ń ṣe ènìyàn lọ́jọ́ kejì.

Kì í ṣe pé ọmọ ń ṣe agídí. Ikùn rẹ̀ kéré, nítorí náà ni ó ṣe ń mu ọmú nígbà 8 sí 12 lójúmọ́. Kò sì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru títí yóò fi tó bí oṣù 2 tàbí 3. A lè ràn án lọ́wọ́. Lọ́sàn-án, ẹ ṣí fèrèsé, kí ilé máa pariwo bí ó ti máa ń ṣe. Lóru, kí iná kéré, kí ohùn rẹlẹ̀, kí eré má sí. Mo mọ̀ pé fóònù ni ó ń bá yín sọ̀rọ̀ bí ọmọ ti ń mu ọmú ní agogo 2 òru. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí oorun yín tètè padà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìsùn abiyamọ kò pa ènìyàn. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, Drew Dawson àti Kathryn Reid, fi ìdánwò ojú àti ọwọ́ hàn pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 24 ń ṣe bí ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára. A kì í gbé ìkókó lé ọ̀mùtí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n a ń gbé e lé ìyá tí kò sùn láti àná lọ́wọ́, a sì tún ní kí ó lọ din dòdò. Oorun tí a fi dù ara kì í tọrọ àyè. A máa jí ènìyàn gbé fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, nígbà mìíràn tí ojú ṣì là sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àga onítìmùtìmù fi léwu fún fífún ọmọ lọ́mú lóru: ìyá a tòògbé, ọmọ a yọ̀ bọ́ sáàárín apá rẹ̀ àti tìmùtìmù, imú rẹ̀ a dí. Bí oorun bá ń kùn yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ jí ẹlòmíràn kí ó jókòó tì yín. Bí ọmọ bá sì mu tán, ẹ tẹ́ ẹ, kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, lórí ibùsùn tí kò rọ̀ jù, láìsí ìrọ̀rí, lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ìdojúbolẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí tẹ́lẹ̀, kí ó lè sùn pẹ́, kò dára.

Àwọn mìíràn ń fi obì lé oorun lọ. Kaféènì tí ó wà nínú obì kò yàtọ̀ sí ti kọfí. Ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ara lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 5, ti aláboyún tilẹ̀ ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obì tí a jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ni ó ń jẹ́ kí a máa ka igi àjà ní agogo 11.

Gbogbo èyí jẹ́ ti oorun tí a kò fún ìyá láyè láti sùn. Èyí tí ó ń dẹ́rù bà mí jù ni ti ìyá tí a fún láyè, tí oorun kò sì wá.

Àbúrò mi obìnrin bímọ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọ ń sùn dáadáa, màmá wa wà nílé, kò sí iṣẹ́ kan lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sùn. Agogo 3 òru ni ó ń fọ aṣọ tí a ti fọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yára, ó ń fò láti orí èyí bọ́ sórí èyí. Ní òru kẹta, ó ní òun ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan lórí òrùlé, àti pé wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun. Àwọn ará ilé ní ogun òru ni. Wọ́n ti ṣètò ibi tí yóò ti ṣe àìsùn ọjọ́ 3. Mo ní, ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ 3, ṣé àìsùn náà ni oògùn rẹ̀? Àgbà kan nínú ẹbí sọ pé ìwé ti yí mi lórí. Mo gbé ọmọ, ọkọ rẹ̀ di òun alára mú, a wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Wọ́n dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Dókítà ní àìsàn ọpọlọ tí ó máa ń wáyé lẹ́yìn ìbímọ ni. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí yóò bá dé, láàárín ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyá tí ó bá ń ṣe sì lè ṣe ara rẹ̀ tàbí ọmọ ní jàǹbá. Oògùn wà fún un. Wọ́n fún un ní oògùn náà, ó sì sùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó padà sílé, ó ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí, òun àti ìyá rẹ̀ sì máa ń jà lórí àkókò tí ó yẹ kí ó lọ sùn.

Ìyá tuntun lè máa sunkún láìnídìí ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, kí ó sì kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn wọ́pọ̀. Ìyá tí ó rẹ̀ yóò sùn bí orí rẹ̀ bá ti kan ìrọ̀rí. Èyí tí kò bá lè sùn fún òru 2 tàbí 3, nígbà tí ọmọ ń sùn tí ẹlòmíràn sì ń ṣọ́ ọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ogun òru tí àwọn ará ilé wa dárúkọ yẹn, orúkọ tí ó gba nǹkan púpọ̀ mọ́ra ni. Ní ọdún 2007, àwọn dókítà ọpọlọ méjì, Aina àti Famuyiwa, kọ ìwé ìwádìí nípa rẹ̀ láàárín àwa Yorùbá. Èyí tí púpọ̀ nínú yín mọ̀ ni pé ojú là, ṣùgbọ́n ara kọ̀, nǹkan kan sì jókòó lé àyà. Ní ọdún 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman, ní Yunifásítì Chicago, fi hàn pé apá kan wà nínú oorun tí ẹyinjú máa ń sáré kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Apá náà ni a ti ń lá àlá jù. (Ọmọ Aserinsky fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún 8, wà lára àwọn tí ó fi wáyà sí lójú. Mo máa ń ro ohun tí ìyá ọmọ náà yóò ti sọ.) Ní àkókò àlá yìí, ọpọlọ a máa de iṣan ara, kí a má baà dìde lu ẹni tí a ń bá jà lójú àlá. Bí ojú bá wá là kí ìdè náà tó tú, a ó rí yàrá, a kò ní lè gbé ìka, ìyókù àlá yóò sì dúró tì wá ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Àwọn ará Jàpáànù ń pè é ní kanashibari. Ní Newfoundland ní Kánádà, wọ́n ní arúgbó obìnrin kan ni ó ń jókòó lé ènìyàn láyà. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá ọkọ ni ó ń ṣe tiwa, ta ní ń ṣe tiwọn? Ó máa ń wọ́pọ̀ lára ẹni tí kò sùn tó àti ẹni tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Mo ní kí ó sùn tó, kí ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Aláboyún tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ó sùn, tí ó ń ṣe é bíi pé nǹkan ń rìn nínú ojúgun rẹ̀ títí yóò fi dìde rìn, kí ó sọ fún agbẹ̀bí kí wọn yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àìtó èròjà irin a máa fà á. Ọmọ tí ó ń tọ̀ sílé, tí kò tí ì ju ọmọ ọdún 5 tàbí 6 lọ, ẹ má nà án. Kò mọ ìgbà tí ó ń ṣe é.

Ó ku baálé ilé. A gbà pé ẹni tí ó ń hanrun ń gbádùn oorun rẹ̀. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun ẹlòmíràn máa ń padé bí oorun bá ti wọ̀ ọ́ lára: híhanrun a dákẹ́ lójijì, àyà a máa gbìyànjú, èémí kò wọlé, títí yóò fi ta jí, tí yóò mí kanlẹ̀, tí yóò sì tún sùn lọ láìmọ̀ pé òun jí. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà lóru kan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa ru, orí a máa fọ́ ọ ní òwúrọ̀, a sì máa tòògbé ní ìdí ọkọ̀. Ìtọ́jú wà: dídín ìsanra kù wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú lóru, tí Colin Sullivan ṣe ní Ọsirélíà, sì wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n alára kò mọ̀. Ẹni tí ó wà lójúfò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó mọ̀. Ní òru tí ọmọ bá jí yín, kí ẹ tó padà sùn, ẹ tẹ́tí sí baálé yín díẹ̀. Bí híhanrun bá dákẹ́, ẹ máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ẹ bá kà kọjá ẹ̀wá kí èémí tó padà, tí ó sì tún ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí pé bí ó bá dá lọ, yóò sọ fún wọn pé òun sùn dáadáa.