Ta Ni Kí Iná Tàn Fún?

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Nevada, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Goodsprings. Aṣálẹ̀ Mojave ló yí i ká. Tí èèyàn bá wọ mọ́tò láti ibẹ̀, kò ní pẹ́ tó wákàtí kan kó tó dé Las Vegas. Àwọn awakùsà ló sọ ibẹ̀ di ìlú láyé àtijọ́, ilé ọtí tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ lọ́dún 1913, ìyẹn Pioneer Saloon, sì ń bẹ níbẹ̀ títí dòní.

Mi ò dé Goodsprings rí. Mi ò ní físà. Síbẹ̀, mo mọ ọ̀nà tó ti ilé dókítà lọ sí ilé ọtí, mo mọ òkè tí itẹ́ òkú wà, mo sì mọ bàbá àgbàlagbà tó máa ń jókòó síwájú ilé ọtí náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi lọ. Ọmọ ọdún 19 ni, ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní Kubwa, l'Ábújá, kò sì gbé ohun mìíràn dání ju kọ̀ǹpútà alágbèéká àti báàgì aṣọ kan lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ pariwo lé e lórí pé kó lọ sùn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ wò ó ná." Mo jókòó. Aago méjì òru ni mo tó dìde.

Fallout: New Vegas ni orúkọ géèmù náà. Ilé iṣẹ́ Obsidian Entertainment ní California ló ṣe é, ó sì jáde lọ́dún 2010. Ẹ̀yin òbí, ẹ fetí sílẹ̀ o: kì í ṣe ti ọmọdé. Ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ọdún 17 sókè ni Amẹ́ríkà fi sí, ọdún 18 sì ni ti ilẹ̀ Yúróòpù.

Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni. Ọdún 2281 ni wọ́n fi í sí, lẹ́yìn tí ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì ti ba ayé jẹ́. Ẹni tó ń gbá a máa di òjíṣẹ́ tó ń gbé ẹrù kiri, irú àwọn tí à ń pè ní dìsípáàṣì. Ọkùnrin kan dá a lọ́nà, ó gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀, ó yìnbọn fún un lórí, ó sì sin ín sí itẹ́ òkú Goodsprings. Róbọ́ọ̀tì kan ló hú u jáde, dókítà ìlú sì tọ́jú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ àwọn tó ṣe géèmù yìí ti wú mi lórí nìyí. Kí wọ́n tó bi èèyàn ní ìbéèrè ńlá kankan, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kó gbé láàárín àwọn ará ìlú. Ọmọbìnrin kan tó ní ajá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn. Obìnrin tó ni ilé ọtí kí i káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ni wàhálà dé: oníṣòwò kan sá pamọ́ síbẹ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó já ọgbà ẹ̀wọ̀n sì fẹ́ pa á. Èèyàn lè gbèjà oníṣòwò náà, ó lè bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n kógun ja ìlú, ó sì lè bá tirẹ̀ lọ. Tó bá fẹ́ gbèjà, ó ní láti lọ bá àwọn ará ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ máa rí obìnrin olọ́tí yí lọ́kàn padà. Ẹni tó mọ òwò ṣe lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Tó bá sì gbè sẹ́yìn àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àwọn tó gbà á lálejò ló máa dojú ìbọn kọ.

Nígbà tó yá, a dé Freeside, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù lẹ́yìn ògiri Las Vegas. Àwọn dókítà kan ń tọ́jú aláìsàn nínú Old Mormon Fort. Ibẹ̀ wà lóòótọ́ ní Las Vegas. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí la lọ sí ilé iṣẹ́ iná sólà kan tó ń jẹ́ HELIOS One. Àwọn sójà ló ń ṣọ́ ọ, ẹni tó sì ń pera rẹ̀ ní ọ̀gá ibẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa iná. (Mo rẹ́rìn-ín títí.) Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún dígí ibẹ̀ tò, ó bá àwọn róbọ́ọ̀tì jà, ó dé ìdí kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé gogoro náà. Ìbéèrè wá dé: ta ni kí iná lọ bá? Ṣé àwọn sójà àti àwọn ilé tẹ́tẹ́ olówó ni? Ṣé Freeside àti àdúgbò mẹ̀kúnnù kejì ni? Ṣé kí wọ́n pín in ká gbogbo agbègbè ni? Àbí kí wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún ohun ìjà olóró tó fara pamọ́ síbẹ̀?

Ó wojú mi. "Àǹtí, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?"

Mi ò rò ó. Mo ní, "Àwọn sójà ni kó o fún. Àwọn ló ń ṣọ́ ibẹ̀, àwọn ló lówó."

Ó ní, "Ṣebí a jọ dé Freeside ni."

Mo dákẹ́. Ilé mẹ́fà la wà nínú ọgbà wa. Jẹnẹrétọ̀ kan la jọ ń lò, a sì jọ ń dá owó díísù lóṣooṣù. Èmi ni akápò. Nígbà kan, ìyá kan tó ń gbé ilé ẹ̀yìn kò rí owó dá fún oṣù méjì. Ìpàdé ní kí wọ́n já wáyà rẹ̀. Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà. Iṣẹ́ mi ni ìwé kíkọ, mo sì kọ ọ́ dáadáa. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni mo tì í sí. Mi ò kanlẹ̀kùn.

Géèmù yẹn ò ní gbà kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa mú mi kanlẹ̀kùn kọ́kọ́, kó tó fún mi ní ohun tí mo máa fi já wáyà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pín iná náà ká gbogbo agbègbè. Nígbà tó parí géèmù ọ̀hún lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ogun tí wọ́n jà ní Dáàmù Hoover, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe rí nítorí ohun tó ṣe. Goodsprings wà lára wọn.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo lọ kanlẹ̀kùn ilé ẹ̀yìn. Tọ́ọ̀ṣì ni ìyá náà fi ṣílẹ̀kùn fún mi. Owó ìdánwò WAEC ọmọ rẹ̀ ló gba owó oṣù méjì yẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà sí ìpàdé, wọ́n sì gbà kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Iná ti padà síbẹ̀. Ẹni méjì nínú ọgbà ṣì ń bínú sí mi.