Aṣọ Ẹ̀yẹ Tó Di Rọ́ọ̀gì Àtẹ̀mọ́lẹ̀

Tẹ́ ẹ bá dé Ganado, ní ìpínlẹ̀ Arizona l'Amẹ́ríkà, ẹ ya ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tí John Lorenzo Hubbell rà lọ́dún 1878. Wọ́n ṣì ń tajà níbẹ̀ dòní. Rọ́ọ̀gì onírun àgùntàn táwọn obìnrin Navajo fọwọ́ hun lẹ máa rí, owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àmọ́ ṣé rọ́ọ̀gì ni wọ́n ń hun tẹ́lẹ̀? Rárá o!

Aṣọ ara wọn ni. "Biil" ni wọ́n ń pe tobìnrin. Abala méjì tó dọ́gba ni wọ́n á rán pọ̀ léjìká àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á wá fi ìgbànú dè é. Àárín ẹ̀ á dúdú, òkè àti ìsàlẹ̀ á pọ́n. Aṣọ òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń tú lówùú-lówùú kí wọ́n tó rí pupa yẹn. Aṣọ ìbora wọn náà ńkọ́? Àwọn èèkàn ẹ̀yà mìíràn ń du ú rà ni.

Lọ́dún 1864, ṣójà Amẹ́ríkà ba oko wọn jẹ́, wọ́n pa àgùntàn wọn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọ́n lọ sí Bosque Redondo, ní New Mexico. Ọdún 1868 ni wọ́n tó padà sílé. Aṣọ òwú tí wọ́n ń rà ló gbapò biil. Nígbà tí rélùwéè dé, àwọn oníṣòwò ní rọ́ọ̀gì ni kí wọ́n máa hun fún ilé òyìnbó. Bí aṣọ èjìká ṣe dohun tẹ́sẹ̀ ń tẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, biil ò kú. Tí wọ́n bá ń ṣe Kinaaldá fọ́mọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà, àwọn kan ṣì ń gbé e wọ̀ ọ́. Kí òyìnbó máa ra rọ́ọ̀gì lọ. Tọmọ ń bẹ lọ́rùn ọmọ.