Èèkù Tó Bá Ọwọ́ Mu

Ní ilẹ̀ Èkìtì, alágbẹ̀dẹ ló ń rọ irin ọkọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí yóò fi ro oko ni a fi ń wọn èèkù rẹ̀. Èyí tó bá kúrú jù yóò mú kí ẹ̀yìn máa ro àgbẹ̀; èyí tó bá sanra jù yóò bó o ní àtẹ́lẹwọ́. Àgbẹ̀ mọ èyí láìlọ sí ilé ìwé kankan. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé bí ọmọ àgbẹ̀ yìí bá di olùkọ́ ní Adó-Èkìtì, tó sì fi gọ́ọ̀fù ṣe eré ìdárayá, ó lè gbàgbé ẹ̀kọ́ baba rẹ̀ pátápátá. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ sí orí ọ̀pá ni yóò máa wò. Kò ní wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù lórí pápá oníhò 18, ó lè gba ọ̀nà Ìkéré dé Àkúrẹ́, kó sì kọjá sí Smokin Hills ní Ìlárá-Mọ̀kín. Owó epo ọkọ̀ nìkan ti tó ìnáwó, ká má tíì sọ ti ọ̀pá. Òfin gba òṣèré láyè láti kó ọ̀pá 14 dání, òkè òkun sì ni wọ́n ti ń kó wọn wá. Bí náírà bá ti ń wálẹ̀ ni owó wọn ń gòkè. Tòkunbọ̀ ni agbára rẹ̀ ká. Tòkunbọ̀ kò burú, àmọ́ ara ẹlòmíràn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ wọ̀n ọ́n mọ́ ara ẹnikẹ́ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látètèkọ́ṣe. Nígbà tó jẹ́ pé igi híkórì ni wọ́n ṣì fi ń ṣe ọ̀pá ní Scotland, oníṣẹ́ ọwọ́ a máa fá igi náà títí yóò fi bá oníbàárà mu. Ní 1929 ni ẹgbẹ́ R&A, tó ń ṣòfin eré náà ní St Andrews, fọwọ́ sí ọ̀pá onírin. Irin kì í tètè dá, ilé iṣẹ́ sì lè ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó jọra. Díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n kan náà di ti gbogbo ayé, ó sì wá di pé olówó ló ń sanwó kí wọ́n tó wọn ọ̀pá mọ́ ọn lára. Ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe lábẹ́ igi di fàájì olówó.

Síbẹ̀, olùkọ́ yìí lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Kó kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ rọ́bà ìdìmú. Òógùn àti ìdọ̀tí tó gbẹ mọ́ ọn ló sábà ń mú un yọ̀. Bí rọ́bà náà bá ti gbó, kó fi ọ̀bẹ là á kúrò, kó lẹ téèpù olójú méjì mọ́ irin, kó da bẹntiróòlù díẹ̀ sí i kí tuntun lè yọ̀ wọlé, kó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìta gbangba ni kó ti ṣe é, níbi tí iná kò sí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tóbi, ìpele téèpù kan tàbí méjì sí i yóò mú ìdìmú náà sanra.

Lẹ́yìn náà, kó lẹ téèpù mọ́ abẹ́ orí ọ̀pá, kó sì gbá bọ́ọ̀lù lórí pátákó. Bí ojú ibi tó ha bá wà nítòsí ọrùn ọ̀pá, orí náà dúró ṣánṣán jù, bọ́ọ̀lù ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a yóò sì máa fì sí òsì. Bó bá wà ní ìhà ṣóńṣó, ọ̀tún ni yóò máa fì sí. Ọ̀pá tó gùn jù ṣeé fi ayùn irin gé, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, torí èyí tí a bá gé kúrú jù kò rọrùn láti dá padà. Gígé a máa mú kí orí ọ̀pá fúyẹ́ lọ́wọ́. Téèpù òjé gíráàmù mélòó kan lẹ́yìn orí náà yóò tún un ṣe. Òfin fàyè gba òjé yìí, bí a kò bá ti ṣí i tàbí fi kún un nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́.

Ọgbọ́n tún wà nínú mímọ ibi tó yẹ ká dúró. Kó má ṣe gbé ọ̀pá carbon fún wẹ́dà. Iná gáàsì yóò bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kó má ṣe tẹ orí tí wọ́n yọ́ irin dà bí ẹni ń tẹ èyí tí wọ́n fi òòlù rọ: èyí tí wọ́n dà lè kán. Ìyàtọ̀ láàárín dídà àti rírọ kì í ṣe àjèjì sí alágbẹ̀dẹ.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Èèkù ni wọ́n dárúkọ. Wọn kò sọ bí idà ti ń dán tó. Ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ bá a mu, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì wọgbó, mọ̀ pé ọwọ́ òun ni àṣìṣe wà, yóò sì padà lọ kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀pá rẹ̀ kò bá mu yóò máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi, yóò máa tẹ ẹ̀yìn àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kó lè bá irin mu. Èyí ju àdánù owó lọ: ènìyàn ń yí ara rẹ̀ padà nítorí ohun èlò tó yẹ kó yí padà nítorí rẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ tí yóò gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ́.