Òwú Tí Mo Fi Wọn Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 2016, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kúrò ní Tẹ̀dé, ó ń lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Èmi ni mo sìn ín dé Èkó. A wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. A gba Ìṣẹ́yìn, a gba Ìbàdàn, táyà ọkọ̀ wa jò lọ́nà, oòrùn sì ti wọ̀ kí a tó dé Ìkẹjà. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ bàálù. Nígbà tí ó gúnlẹ̀, ó tẹ̀ wá láago pé wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ péré ni òun lò lójú òfuurufú.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá wa, tí wọ́n ń ta èlùbọ́, ṣírò rẹ̀ bí àwọn àgbà ti ń ṣírò ọ̀nà oko: ibi tí a bá tètè dé ni ó sún mọ́ ilé. Wọ́n ní, "Lọ́ńdọ̀nù kò wá jìnnà tó Èkó nìyẹn." Láti ìgbà náà, bí ọdún bá dé tí ẹ̀gbọ́n mi kò wá, inú wọn a bàjẹ́. Wọ́n a fi iṣu tí ó dára jù pamọ́ dè é títí iṣu náà yóò fi hù. Nígbà tí ó di ọdún kẹta, wọn kò fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́. "Ẹni tí ó wà ní ìrìn wákàtí mẹ́fà, tí kò wá wo ìyá rẹ̀!"

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo gbé gílóòbù ilé ẹ̀kọ́ wa wá sílé, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ya àwòrán gbogbo ayé sí lára. Mo fi òwú yí i po níbi tí ó ti fẹ̀ jù. Òwú yẹn dúró fún nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Mo ṣẹ́ ẹ po sí méjì, mo tún ṣẹ́ ẹ di mẹ́rin, mo ṣẹ́ ẹ di mẹ́jọ, mo sì gé ìdá kan. Ìdá kan yẹn jẹ́ 5,000 kìlómítà. Mo fi orí rẹ̀ kan sí Èkó, mo nà án gba aṣálẹ̀ Sàhárà, ó kọjá lórí òkun Mẹditaréníà àti ilẹ̀ Faransé, ó sì kan Lọ́ńdọ̀nù. (Ẹ̀yin náà lè dán an wò.) Ọ̀nà Tẹ̀dé sí Èkó, tí kò pé 400 kìlómítà, kò ju èékánná mi lọ.

Wọ́n ní, "Báwo ni ó ṣe wá yára débẹ̀?"

Mo ṣàlàyé pé bàálù ńlá lè fò tó nǹkan bí 900 kìlómítà láàárín wákàtí kan, kò sì sí kòtò lójú ọ̀run. Ní nǹkan bí ọdún 1960, àwọn tí wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi lọ láti Èkó sí Liverpool ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lórí òkun.

Wọ́n wá béèrè owó ọkọ̀. Mo sọ ọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò èlùbọ́ ka iye rẹ̀ lórí ìka, ìka ọwọ́ méjèèjì tán, wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n mú òwú náà, wọ́n so ó mọ́ etí aṣọ wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, fóònù dún. Ìyá wa ni wọ́n kọ́kọ́ na ọwọ́ sí i. "Ọmọ mi, mo ti rí ibi tí o wà. Ṣé o ti jẹun?"