Ilé Onítáyà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí wa, ẹnì kan wà nínú ẹbí wa tí kò rí ilé sinmi, tí ọkọ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ wá di ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fẹ́ bá yín sọ.

Àwa ọmọ Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe àlejò tírélà. Lọ́dún 2019, wọ́n tò láti ẹnu ibodè èbúté Àpápá títí tí wọ́n fi gun orí afárá. Tí a bá ń lọ sílé ìwé, àárín wọn la ń fún ara wa gbà kọjá, a sì máa ń bú àwọn awakọ̀ wọn. Èébú náà kúrò lẹ́nu wa lọ́jọ́ tí ìyá wa gbé abọ́ oúnjẹ lé wa lọ́wọ́, tí wọ́n ní, "Ẹ gbé e lọ fún àbúrò bàbá yín. Ó wà lórí ìlà."

Lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ la ti bá ibùsùn tóóró kan. Sítóòfù wà nísàlẹ̀, kẹ́tù àlùwàlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rá wé Àlùkùránì wọn kí òjò má baà pa á. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn tẹ́ ẹní sábẹ́ tírélà. "Ẹ káàbọ̀ sí pálọ̀ mi," ni Bọ̀ọ̀dá wí. A rẹ́rìn-ín, àwọn kò rín. Wọ́n ti lo ọjọ́ 16 níbẹ̀. Wọn kò lè kúrò, torí bí wọ́n bá kúrò, àyè wọn ti lọ nìyẹn, bátìrì ọkọ̀ sì lè bá a lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ wọn lórúkọ ní Ìsẹ́yìn, orí ibùsùn yẹn ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí fóònù.

Ó yà wá lẹ́nu nígbà tí a kà nípa bí ilé onítáyà ṣe bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Lọ́dún 1885, dókítà ará Scotland kan, William Gordon Stables, ní kí wọ́n kan ọkọ̀ tó dà bí ilé fún òun ní Bristol. Ẹṣin méjì ló ń fà á, ó sì fi ń ṣe fàájì kiri. Lọ́dún 1959, Wally Byam ará Amẹ́ríkà ṣáájú nǹkan bí 40 irú ilé bẹ́ẹ̀, tí mọ́tò ń fà, láti Cape Town lọ sí Cairo. Ìrìn àjò ló wu àwọn yẹn.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1975, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì ló tò lójú òkun Èkó lọ rẹpẹtẹ. Ìjọba kọ́ èbúté Tin Can, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1977. Ẹrù rí ibi já sí, ṣùgbọ́n tírélà tó ń wá kó o kò rí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó tó, àgbá epo ńláńlá tó wà nítòsí ń pe tírélà tirẹ̀, ọ̀nà sì bàjẹ́. Bí ìlà ṣe kúrò lójú omi nìyẹn, tó gorí ilẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021 ni àwọn aláṣẹ èbúté bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ pe ọkọ̀ wọlé. Ètò ni wọ́n sọ ọ́.

Nínú Súrà Taobah, ẹsẹ 60, Ọlọ́run ka arìnrìn-àjò mọ́ àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. A ti kà á nílé kéwú, aṣálẹ̀ la sì rò pé arìnrìn-àjò náà wà. A kò mọ̀ pé ìdí ilé wa ló ń sùn. Nígbà tí ààwẹ̀ dé lọ́dún náà, omi ìṣínu tí a gbé lọ kò mọ sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá nìkan. Ẹni iwájú wọn mu níbẹ̀, ẹni ẹ̀yìn wọn náà mu.

Ẹ jẹ́ kí á yéé bú ẹni tí ọ̀nà há mọ́. Kí Ọlọ́run mú gbogbo arìnrìn-àjò délé láyọ̀. Àmín.