Kọ̀ǹpútà Géèmù Wa àti Power Pack Tí A Kò Gbé Wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa mẹ́rin ni a jìn sí kòtò ní ọdún 2023. Kì í ṣe kòtò obìnrin, kì í sì í ṣe kòtò ọtí. Kòtò kọ̀ǹpútà ni. A gbọ́ pé àwọn yàrá kan tún ti ń dá owó jọ láti to kọ̀ǹpútà tí wọn yóò máa fi gbá géèmù. Nítorí náà ni a ṣe ní kí a sọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe rí, àti ibi tí ó dùn, àti ibi tí ó tì wá lójú.

Yàrá kan náà ni a ń gbé, lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Iléṣà. Ẹnì kẹrin, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Sábó ní Kánò níhìn-ín ni wọ́n bí i sí. Bí inú bá ń bí i, Hausa ni ó fi ń ṣépè. Géèmù bọ́ọ̀lù ni ó so wá pọ̀. Lálaalẹ́ ni a máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ẹni fún eré kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣírò ohun tí a ń ná níbẹ̀ láàárín oṣù kan, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ọkùnrin yìí ti fi owó wa ra ẹ̀rọ tirẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí a ra tiwa." Ọmọ Ọ̀yọ́, tí ó ń kọ́ nípa yíya àwòrán ilé, gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ máa ń dákú bí ó bá fẹ́ fi ya ilé alájà méjì.

A dá owó. Ẹni mẹ́ta nínú wa mú ₦80,000 wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ Iléṣà mú ₦100,000 wá. Ó di ₦340,000. A kò bi í léèrè ibi tí ó ti rí tirẹ̀. Ìdùnnú ni a fi gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn.

Láti oṣù kìíní ọdún náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ní ọpọlọ ẹ̀rọ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní processor, ni kí a kó owó lé. Ọmọ Iléṣà ní káàdì àwòrán ni, nítorí òun ni ó ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí nínú géèmù. Ọmọ Ọ̀yọ́ ní RAM ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Késì onígíláàsì tí iná aláràbarà ń tàn nínú rẹ̀ ni ó ń wá ní tirẹ̀. Kò sí ẹnì kan tí ó dárúkọ power pack, àpótí kékeré tí ó ń gba iná láti ara ògiri, tí ó sì ń pín in fún gbogbo àwọn yòókù.

Iyàn náà kọ́ wa ní nǹkan o, a kò ní purọ́. A kọ́ pé ohun tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe ni a kọ́kọ́ ń wò, kì í ṣe ohun tí ó wọ́n jù lọ́jà. FIFA 23 tí a ń gbá nígbà náà, ohun tí ó kéré jù tí ó béèrè ni RAM 8GB, káàdì tí agbára rẹ̀ tó GTX 1050 Ti, àti àyè 100GB. A kọ́ pé ojú ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí a fẹ́ rà, àwòrán 60 ni ó lè fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí káàdì bá ń ya 140 ránṣẹ́ sí i, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ní fojú rí ayé. A kọ́ pé RAM 8GB méjì sàn ju 16GB kan ṣoṣo lọ, nítorí ọ̀nà méjì ni ọpọlọ yóò máa gbà kó ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà. A kọ́ pé ọpọlọ àti motherboard gbọ́dọ̀ bára mu bí kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo. Ọpọlọ AMD tí ó ń wọ ihò AM4 kò lè wọ motherboard ti Intel láéláé.

Níbi tí a ti ń jiyàn ni ìjọba àpapọ̀ ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Dọ́là tí ó wà ní nǹkan bí ₦460 ní báǹkì kọjá ₦700 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òkè òkun ni gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ti ń wá. Ìwé tí a kọ iye owó sí di ìwé ìtàn.

A sáré lọ sí Beirut Road, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà ní ìlú yìí. A ra Ryzen 5 3600 tòkunbọ̀, motherboard B450, RAM 8GB méjì, SSD 500GB àti ojú ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Káàdì àwòrán wa ni GTX 1660 Super, tòkunbọ̀ lòun náà. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà àgbáyé nígbà náà, nítorí láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 tí Ethereum ti yí ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ padà, àwọn tí wọ́n ń fi káàdì wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ta tiwọn. A ra késì onígíláàsì pẹ̀lú, torí a ti ṣèlérí rẹ̀ fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí a fi máa dé orí power pack, ₦11,000 péré ni ó kù lọ́wọ́ wa. Ọkùnrin kan gbé ọ̀kan jáde fún wa ní ₦9,000. Wọ́n kọ 600W gàdàgbà sí i lára. Ó fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì. Ẹnì kan nínú wa tilẹ̀ ní, "Èyí dáa, kò ní wúwo láti gbé délé." A fi ₦2,000 tí ó kù jẹ sùyà. Sítébíláísà ńkọ́? A ní tí owó bá dé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni a tò ó. Fáànù ń yí, iná ń tàn, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ dúdú bí èédú. Ọjọ́ kejì ni a mọ ìdí rẹ̀. Ọdún 2018 ni B450 jáde, ọdún 2019 ni Ryzen 5 3600 dé. Ihò wọn bára mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n BIOS tí ó wà nínú motherboard wa ti pẹ́, kò mọ àlejò náà rí. Wọ́n fi ọpọlọ àtijọ́ kan sí i, wọ́n sọ BIOS di tuntun, ni ẹ̀rọ bá là. Háà! Yàrá wa di ààfin. Àwọn tí kì í kí wa tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá bóyá a sùn dáadáa.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ní alẹ́ Sátidé kan ní oṣù kẹwàá, iná ń ga, iná ń rẹlẹ̀, a kò dá a lóhùn. Eré ti wọ ìdajì kejì. Lójijì ni iná wá pẹ̀lú agbára. A gbọ́ "pàù!" Òórùn burúkú gba yàrá. Èéfín ń yí po lẹ́yìn gíláàsì tí a fi owó wa rà kí a lè máa rí inú ẹ̀rọ.

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ó yá ni ọmọ Iléṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ó bú sẹ́kún. Nínú ₦100,000 tí ó mú wá, ₦85,000 jẹ́ owó ilé ìwé rẹ̀. Ó ti sọ fún wọn nílé pé òun ti san án. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn yóò máa sanwó gbá géèmù lọ́dọ̀ wa, òun yóò sì dá owó padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó kù kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀. Ọmọ Òṣómàáló tí àwọn bàbá rẹ̀ ń lóṣòó gba gbèsè, gbèsè ni ó wá lóṣòó tì í.

A bínú sí i fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwa náà. A ti bi gbogbo ọlọ́jà Beirut Road ní ìbéèrè lórí GB àti iyara. A kò bi ọ̀rẹ́ wa ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, a gbé òkú ẹ̀rọ lọ bá bàbá àgbà Hausa kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tíì tú nǹkan kan tí ó fi gbé power pack wa lé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ òsì, ó sì gbé òmíràn tí wọ́n kọ 450W sí lé e lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ní, "Gbé e wò." Ti 450 fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì tiwa. Ó tú tiwa. Inú rẹ̀ ṣófo bí àpò akẹ́kọ̀ọ́ ní ìparí oṣù. Ó wá fi ìka tọ́ka sí ìwé ara rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ 12V sí: 20A ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, 12 lọ́nà 20 jẹ́ mélòó?" 240 ni. Orí 12V yìí sì ni káàdì àti ọpọlọ ti ń jẹun. Káàdì wa ń jẹ 125W, ọpọlọ ń jẹ 65W lórí ìwé, àwọn méjèèjì a sì máa fò kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà tí géèmù bá le. 600 ni wọ́n kọ gàdàgbà, 240 ni wọ́n kọ wínníwínní. Ara àpótí náà ni òótọ́ wà, àwa ni a kò kà á.

Motherboard ti kú, káàdì ti kú. Ọpọlọ, RAM àti SSD yè é. Àwòrán ilé ọmọ Ọ̀yọ́ kò ṣègbé, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ mọ́. Ká tilẹ̀ ní káàdì nìkan ni ó kú, Ryzen 5 3600 kò ní agbára àwòrán nínú ara rẹ̀. Láìsí káàdì, ojú ẹ̀rọ kò lè là.

A ta ọpọlọ, RAM àti késì. Ẹni tí ó rà wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ń ta wá, ₦62,000 ni ó san. Ó ku ₦23,000. Bàbá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sábó ni a lọ bá. Bàbá ní òun yóò yá wa, ṣùgbọ́n kí ọmọ Iléṣà kọ́kọ́ pe bàbá tirẹ̀ níwájú òun, kí ó sọ òótọ́, kí òun tó ka owó. Ó pè é, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá Iléṣà dákẹ́ títí tí a fi rò pé fóònù ti já. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé o ti jẹun lónìí?" Àwa tí a dúró yí i ká, a kò lè gbójú sókè.

Ó san owó náà nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì. Ó fi ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá Sábó títí gbèsè fi tán. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni tí ń kọ gbèsè búrẹ́dì sílẹ̀, fa ìwé tí ó kọ ìpín olúkúlùkù wa sí ya.

Ní ọdún 2024 a tún dá owó, díẹ̀díẹ̀, olúkúlùkù sì sọ ibi tí tirẹ̀ ti wá. Sítébíláísà ni a kọ́kọ́ rà. Inú Adaidaita ni a gbé e wálé bí ìyàwó. Lẹ́yìn náà a ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, Core i5 ìran kẹjọ, tí ó ní agbára àwòrán tirẹ̀. A fi GTX 1650 kún un. 75W ni káàdì yìí ń jẹ, ihò tí a kì í bọ̀ sì lè fún un tó bẹ́ẹ̀ láìsí okùn iná mìíràn. Ẹ ṣọ́ra o, àwọn GTX 1650 kan ní ihò okùn iná lára. Àwọn kọ́ ni a ń sọ. Ẹ wọn inú kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tó ra káàdì, nítorí àwọn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, káàdì kúkurú nìkan ni ó ń wọ̀ wọ́n. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé power pack ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò ṣe é fi ti ọjà pààrọ̀, okùn wọn yàtọ̀. Ẹ sì má ṣe ra ohun tí ó ti pẹ́ ju ìran kẹjọ lọ, torí Microsoft ti parí ìtọ́jú Windows 10 tí ó wọ́pọ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn Intel tí ó ṣáájú ìran náà wọlé ní ọ̀nà tí ó tọ́.

Ẹ̀rọ wa yìí kò ní gíláàsì, iná aláràbarà kò sí nínú rẹ̀. Ó ń gbá EA Sports FC 24, ó sì ń ya ilé alájà mẹ́rin. Bí ọyẹ́ bá dé, a máa ń ṣí i lóṣooṣù, a ó fẹ́ eruku kúrò nínú rẹ̀. Bí ooru oṣù kẹrin bá dé, a ó fà á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ to ti ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ mọ géèmù yín, ẹ mọ ojú ẹ̀rọ yín, kí ẹ tó mọ káàdì. Ẹ yan ọpọlọ àti motherboard tí ó mọ ara wọn. Ẹ yọ owó power pack àti sítébíláísà sọ́tọ̀ kí ẹ tó dé ọjà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ jókòó, kí ẹ sì bi ara yín pé: owó yìí, níbo ni ó ti wá?

Power pack yẹn ṣì wà lórí tábìlì wa. Ẹni tí ó bá ń gbèrò àti to kọ̀ǹpútà, kí ó yà lọ́dọ̀ wa kí ó tó lọ sí Beirut Road. A ó gbé e lé e lọ́wọ́, kí ó gbé e wò.